Etí Kan Ni Mo Ń Dí

Ìyàwó mi a máa hanrun. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi nọ́ọ̀sì kan. Níbi tí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ara mi, kí ẹni tó bá kà á má lè nàka sí ilé wa. Bí ọkùnrin bá ń hanrun, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó jẹun yó ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Obìnrin kò ní irú àǹfààní yẹn. Tí obìnrin bá ń hanrun, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun ìtìjú, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn.

Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe. Èmi kọ́ ni mò ń kan igi rẹ̀. Bí káfíńtà bá ti kan tirẹ̀ tán, èmi ni mò ń fi fọ́ọ̀mù àti awọ bò ó. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kétu, ilé wa wà ní Ìkòsì, yàrá kan àti pálọ̀. Ìyàwó mi ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12, èyí tí tírélà máa ń kó wá láti Òkè Ọya. Bí wọ́n bá tú àpò rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ni yóò máa sín. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, lẹ́yìn tó bí àbíkẹ́yìn wa tó sì sanra sí i, ata yẹn la di gbogbo ẹ̀bi rù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ní ata ló dí i nímú. Ó ń fa oru omi gbígbóná símú, ó ń fi ìpara tó máa ń ta èèyàn lójú ra ihò imú, ìhanrun náà sì ń lọ sókè sí i.

Ìhanrun náà kì í ṣe kékeré. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, títí ife tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa á fi máa dún. Mi ò ní parọ́, inú máa ń bí mi. Mo máa ń gbé ojú pípọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan, mo sì ti gé awọ oníbàárà síbi tí kò yẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ní kó lọ máa sùn ní pálọ̀. Ó mú ìrọ̀rí rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Kò sùn rárá, kí àwọn ọmọ wa tó ń sùn nílẹ̀ pálọ̀ má baà gbọ́ ọ. Mo ní kó padà sínú yàrá.

Ìgbà tó padà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i dáadáa, nítorí ojú ti ń tì mí. Mo wá gbọ́ ohun tí ìbínú kò jẹ́ kí n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìhanrun náà á máa lọ, á sì kàn já lójijì. Àyà rẹ̀ á máa gbé sókè, á máa gbìyànjú, àmọ́ afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ débi pé èmi tí mò ń gbọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lẹ́yìn náà ló máa ń mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n ọ́n léjìká, á sì fò dìde pẹ̀lú ẹ̀rù, kò ní lè sùn mọ́. Nígbà tó ṣe, mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń jí wa ní kékeré. Wọn kì í gbọ̀n wá. Wọ́n á fẹnu sún mọ́ etí wa, wọ́n á máa pe oríkì wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ojú wa á fi là, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó sùn wọra máa ń gbọ́ oríkì rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Nígbà tí èémí rẹ̀ já, mo fẹnu sún mọ́ etí ìyàwó mi, mo pe oríkì tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó mí. Kò jí, ó kàn mí kanlẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń sùn lọ. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ òru nìyẹn.

Ó máa ń gbọ́ ọ nínú oorun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á ní láàárọ̀, “Daddy, ẹ tún ń kì mí lóru àná. Àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?” Mo máa ń ní kí ló dé tí mi ò ní ki ìyàwó mi. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ fún un pé ó máa ń dà bí ẹni tó ti lọ. Ní tiwa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu sí ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń ṣépè. Mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ní èémí rẹ̀ máa ń há. Ó ní ata ni.

Mo sáà mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ga, ó ní kó dín sísanra kù, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, kí a sì lọ rí dókítà ọ̀fun nílé ìwòsàn ńlá. Ìyàwó mi ní a máa lọ tí ọjà bá dá. Ọjà ata kì í dá. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo sì ṣe é. Mo mú fọ́ọ̀mù líle ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó nípọn lókè, ó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, mo rán aṣọ àǹkárá bò ó. Tó bá sùn lé e, orí àti àyà rẹ̀ máa ń ga. Èémí tó ń já náà dín kù, àmọ́ kò tán.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn lọ gbàdúrà ní àgọ́ kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Gbogbo wọn sùn sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ẹnì kan nínú wọn, ẹni tí mo mọ̀ dáadáa, tó ti jẹun nílé mi, gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ìyàwó mi, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé Èkó, ohùn náà ti wà lórí fóònù gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé tírélà ata ti dé o, kí àwọn alábàárù jáde wá. Wọ́n ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín dáhùn. Ìyàwó mi náà fi tirẹ̀ sí i. Mo rí i nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ ní pálọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí fóònù, ó sì ń fi etí ìró nù ún kó lè ríbi tẹ̀.

Mo dìde pé mò ń lọ sílé obìnrin tó gba ohùn náà, pé màá fọ́ fóònù yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó mi di aṣọ mi mú.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá lọ jà, wọ́n á mọ̀ pé ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n máa bá wọn rẹ́rìn-ín.”

Mo jókòó. Inú ṣì ń bí mi sí obìnrin yẹn títí dòní, mi ò sì tíì ṣe tán láti dárí jì í.

Láti ìgbà yẹn ni oorun ti di ìyà nílé wa. Ìyàwó mi á fẹ̀yìn ti ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní kí n kọ́kọ́ sùn. Ó ní tí àwọn tó gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bá lè sọ báyẹn, kí ni èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí ń sọ nínú mi? Mo ní mi ò sọ nǹkankan. Kò gbà mí gbọ́; ọ̀rọ̀ pálọ̀ ọjọ́sí ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jà, á máa tòògbé lórí àpò. Lọ́jọ́ kan ó fi ọwọ́ tó fi bu ata nu ojú nínú oorun, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wálé, ojú rẹ̀ méjèèjì wú. Mo ń da omi sí i lójú, mo sì ń rò ó pé bí a bá ń lọ báyìí, obìnrin yìí máa kú lọ́wọ́ àìsùn kí èémí tó pa á.

Ọjọ́ yẹn ni mo ní a máa wá ìdití, ohun kékeré tí wọ́n ń tì bọ etí kí ariwo má baà wọlé. Oorun tèmi kọ́ ni mò ń wá. Mo fẹ́ kó gbà pé mi ò gbọ́ òun, kó lè dùbúlẹ̀ kó sùn.

Òwú la kọ́kọ́ lò. Mo fi òrí díẹ̀ ra á bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé tí etí ń dùn. Ó ní ṣé mò ń gbọ́ òun, mo sì dáhùn kí n tó rántí pé kò yẹ kí n dáhùn. Mo bá gba ìdí iṣẹ́ mi lọ. Ẹni tó ti ń gé fọ́ọ̀mù láti kékeré yẹ kó lè gé èyí tó máa wọ ihò etí. Mo gé e roboto, mo fi sísọ́ọ̀sì tọ́ ọ títí ó fi tó kóro àgbálùmọ̀. Àmọ́ fọ́ọ̀mù àga, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa ta padà. Bí mo bá tì í wọlé, á tún jáde, èérún rẹ̀ á kù sínú etí mi. Ìyàwó mi fi ìyẹ́ adìyẹ yọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, nítorí náà mo tún gé òmíràn.

Nígbà tó yá, mo lọ ra ti ọjà. Kẹ́míìsì kan ní Ìkòsì ní èyí tó rọ̀, tó funfun, tí èèyàn á fi ọwọ́ pò kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu etí. Mo ra ìyẹn. Mo tún dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ bàtà iṣẹ́, akoto àti ìbọ̀wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kétu.

“Ọ̀gá, ariwo kí ni ẹ fẹ́ fi dí?” ó bi mí.

“Ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ wo?”

“Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóru.”

Ó yọ ọ̀kan tó ní àwọ̀ ọsàn jáde, méjì lórí okùn kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá máa ń fi kọ́ ọrùn. “Correct one nìyí, Ọ̀gá. Ẹ lọ́ ọ tín-ín-rín, ẹ tì í wọlé, ẹ jẹ́ kó wú. Tí ilé bá ń wó lẹ́yìn yín, ẹ ò ní mọ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi la dán wọn wò ní pálọ̀. Mo jókòó kọ ògiri, òun dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi síbí lu ọmọrí ìkòkò. Pẹ̀lú aláwọ̀ funfun yẹn, ariwo náà dín kù, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ lókèèrè. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, nítorí mo mọ ohun tí mo fẹ́ máa fetí sí. Mo ní èyí dára, ká mú èyí. Ó ní ká dán aláwọ̀ ọsàn wò. Mo lọ́ ọ, mo tì í bọ etí, ó wú. Mi ò gbọ́ ìkòkò, mi ò gbọ́ ìyàwó mi, ohun tí mò ń gbọ́ kò ju ẹ̀jẹ̀ ara mi lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti gbé síbí sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo yọ ọ̀kan.

“Kí lo ń sọ?”

“Mo ti bú yín, mo ti bú gbogbo ìdílé yín, ẹ jókòó síbẹ̀ ẹ ń mi orí.” Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. “Èyí la máa lò. Ẹ sọ ìkejì nù.”

Mo ní ó ń dùn mí létí. Ó ní á mọ́ mi lára. Mo ní aláwọ̀ funfun rọ̀ ju èyí lọ, ó ní èmi tí mò ń fi fọ́ọ̀mù jẹun, èmi ni fọ́ọ̀mù ń dùn. Mi ò lè sọ fún un ìdí tí mi ò fi fẹ́ èyí tó dí pátápátá. Bí mo ṣe gbà fún un nìyẹn.

Tó bá di alẹ́, mo máa ń jẹ́ kó rí mi kí n tó dùbúlẹ̀. Màá lọ́ méjèèjì, màá tì wọ́n wọlé lójú rẹ̀, òun náà á tún okùn rẹ̀ ṣe fún mi lábẹ́ àgbọ̀n. Tó bá ti sùn, màá yọ ti apá òsì, nítorí apá òsì mi ló máa ń sùn sí, màá fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Màá fi ti apá ọ̀tún sílẹ̀ kó lè rí okùn tó bá jí. Etí kan ni mo ń dí. Èkejì wà fún un, mo sì ń ki ìyàwó mi jẹ́jẹ́ nígbàkigbà tí èémí rẹ̀ bá já.

Láàárọ̀ á bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkankan. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkankan. Á ní òun lá àlá pé mò ń ki òun, mo ní àlá dáadáa ni. Irọ́ yẹn ṣe é lóore tí àdúrà àti ìpara kò ṣe. Ó ń dùbúlẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mi, ó ń sùn, ojú rẹ̀ mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ààrò. Lọ́jà kì í tòògbé tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì dùn mí. Mo rò pé a ti borí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin kú, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, nílùú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú ìdílé wọn, bí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn ọmọbìnrin ilé gbọ́dọ̀ sùn pọ̀ sórí ẹní ní pálọ̀ ńlá ilé bàbá wọn, láti alẹ́ àìsùn títí wọ́n á fi sin òkú. Èyí tó bá lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ó kọ òkú sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin àti àna kì í wọ pálọ̀ yẹn lóru. Ìyàwó mi ti kọ̀ láti lọ síbi òkú kan tẹ́lẹ̀ nítorí ìhanrun rẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ nílé pé owó ata ti gùn ún lórí. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ìyá tó tọ́ ọ.

Mo ń retí kó máa sunkún. Àmọ́ nígbà tí mo wọlé, ó ń di ẹrù, ó sì ń kọrin. Ọ̀rá dúdú ńlá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tú u wò. Ìdití aláwọ̀ ọsàn ló kún inú rẹ̀, tòun ti okùn wọn.

“Mo lọ bá oníbàtà yẹn ní Kétu,” ó ní. “Gbogbo àwọn tá a jọ máa sùn ní pálọ̀ ni mo rà á fún. Màá sọ pé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń kọrin níta ni. Ta ló máa mọ̀?”

Mo ká ẹnu ọ̀rá náà padà.

“Ẹ máa wò mí,” ó ní. “Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an ò gbọ́ nǹkankan. Ṣé àwọn tó wà lókèèrè ló máa wá gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ ara mi ló ń sọ fún mi. Mo ní ó dáa, kó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ dání. Ó ní kí òun gbé ìrọ̀rí tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ ilé bàbá òun, kí gbogbo wọn máa bi òun pé kí nìyẹn? Mo ní kó sùn ti ìyá rẹ̀, kí Màmá máa kì í tó bá sùn. Ó ní ṣé ọmọ ìkókó ni òun ni? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Gbọ́, èémí rẹ máa ń há ju bí o ṣe rò lọ.” Ó ní níbi tí òun ń lọ, kò sí ata. Ó fi ọwọ́ kejì pa mí lórí, ó sì di báàgì rẹ̀.

Mo mú fóònù pé kí n pe ìyá rẹ̀. Mo mú un, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. Ilé òkú ni wọ́n wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìyá èèyàn sílé òkú láti sọ fún wọn pé ọmọ wọn náà máa ń dà bí òkú tó bá sùn. Mo sọ fún ara mi pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, pé òru díẹ̀ náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ìsìn àìsùn parí, tí àwọn obìnrin tẹ́ ẹní, ìyàwó mi tú ọ̀rá dúdú náà. Ó ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n lọ́ ọ tín-ín-rín, kí wọ́n jẹ́ kó wú. Ó mú wọn rẹ́rìn-ín, ó ń dúró lẹ́yìn wọn, ó ń lu ọmọrí ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ti dí dáadáa. Wọ́n ń yìn ín pé ó ro tàwọn, pé kì í ṣe owó ata nìkan ló wà lórí rẹ̀, ọgbọ́n náà wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbà á. Màmá ní etí àwọn ti ń di fúnra rẹ̀, kí ni àwọn fẹ́ tún dí nínú rẹ̀? Wọ́n wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Àwọn obìnrin náà sùn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò sùn tó bẹ́ẹ̀ nílé òkú rí. Nígbà tí wọ́n jí, tí wọ́n yọ ìdití kúrò létí, wọ́n rí ìyàwó mi lórí ẹní, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Wọ́n rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n gbálẹ̀ yí i ká.

Wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Mo mọ̀. Mo wọ yàrá láti mú ṣẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àmì orí rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ àǹkárá náà. Mo jókòó tì í títí tí ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé mi lọ fi ń fọn fèrè níta.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ń kì í. Wọn ò jẹ́ kí Màmá jáde sí pálọ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré yẹn. Láti inú yàrá ni Màmá ti ń pe oríkì náà, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, léraléra, oríkì tí mo máa ń sọ wẹ́rẹ́ sí i létí. Ìyàwó mi wà lórí ẹní ní pálọ̀, aṣọ bò ó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó ti mọ́ mi lára pé tí wọ́n bá ti pè é, ó máa mí.

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé bá Màmá. Màmá di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Ọkọ mi, mo gbọ́ ọ,” wọ́n ní. “Mo wà níbí, mo gbọ́ ọ tó ń hanrun. Mo ní ọmọ mi ti rìn púpọ̀, kó sùn. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́. Mo ní Ọlọ́run, o ṣeun, oorun ti wá wọ̀ ọ́ lára báyìí. Èmi náà bá sùn lọ.”

Mo gbójú kúrò lójú Màmá. Àwọn obìnrin ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Okùn aláwọ̀ ọsàn ṣì wà lọ́rùn àwọn kan nínú wọn. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Màmá fa ọwọ́ mi.

“Ọkọ mi, sọ fún mi. Ṣé bó ṣe máa ń hanrun lọ́dọ̀ yín nìyẹn? Ṣé ohun tó yẹ kí n mọ̀ ni?”

“Rárá, Mà,” mo ní. “Kì í hanrun. Ó rẹ̀ ẹ́ lánàá ni.”